Mo Ra Awò Ìràwọ̀ ní Sabon Gari

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti da omi sí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé mi kí ooru ilẹ̀ lè rọlẹ̀, òórùn kan máa ń gbéra níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n tètè wọlé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti ń sùn lábẹ́ fáànù láti kékeré lè má mọ̀ ọ́n. Ní tiwa, òórùn yẹn ló ń sọ fún wa pé ó tó àkókò láti tẹ́ ẹní síta.

Lásìkò ooru, ìta ni gbogbo agboolé wa ní Sabon Gari, ní Kano, máa ń sùn, Yorùbá, Ígbò, Ùróbò, gbogbo wa pátá. Ẹni tó bá hanrun, gbogbo ilé ló gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ Làdí, ọ̀rẹ́ mi, ni mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí. Ará Ọ̀fà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí i, ni àwọn Hausa àdúgbò bá sọ ọ́ ní Làdí, orúkọ náà sì bo èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Àyà máa ń dùn ún. Kò lè sáré, kò lè fo okùn, nítorí náà ojú ọ̀run ló fi ṣe pápá ìṣeré. A ó ká kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti kọjá bí ọ̀pá, a ó sì máa fi ojú kan wo òkè nínú rẹ̀. Làdí búra pé òun rí obìnrin kan tó ń sá aṣọ nínú òṣùpá. Èmi ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ní mo rí i, mo tilẹ̀ sọ àwọ̀ aṣọ náà.

"Tí a bá dàgbà, a máa ra awò gidi," ló máa ń wí. "Ìwọ lo máa gbé e, torí o lágbára. Èmi á máa wò."

Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, wọ́n kó ẹrù wọn padà sílé. Ọdún náà kò tíì parí tí a fi gbọ́ pé Làdí ti kú. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún mi. Ìyá mi kàn ní kí n máa tẹ́ ẹní mi sí ẹ̀gbẹ́ òun.

Ní báyìí, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà ní Èkó àti Kánádà, ilé sì dákẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi lórí fóònù pé mo fẹ́ ra awò ìràwọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Mọ́mì, ẹ má tẹ̀ lé ariwo pé ó ń sọ nǹkan di ńlá o. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni kí ẹ wò. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà."

Mi ò wo ẹsẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní ẹ̀yìn Ibo Road rẹwà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín bíi ti lékèélékèé. Bí mo bá mí sí i lára, ìràwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo dá a padà, mo gba ọ̀kan tó sanra, tó jókòó sórí pákó tó ń yí. Mo fi ojú awò méjì kún un, ọ̀kan fún wíwo ibi tó fẹ̀, èkejì fún sísún mọ́ nǹkan. Mo ra tọ́ọ̀ṣì pupa tí kì í ba ojú jẹ́ nínú òkùnkùn, mo sì rán àpò aṣọ tí n ó máa fi bò ó, nítorí eruku Kano.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fọ ojú ọ̀run, mo gbé e síta. Mo dojú rẹ̀ kọ Júpítà, ìràwọ̀ ńlá kan tó ń tàn láìṣẹ́jú. Àwọn òṣùpá rẹ̀ kékeré mẹ́rin tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe: "Wá wò ó! Wá kíá!"

Aládùúgbò mi, obìnrin Ígbò kan tó ń ránṣọ, yọ orí lókè ògiri. "Mama, da wa kike magana?" Ó ń bi mí ní Hausa pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni," mo fi Hausa dá a lóhùn. "Kò sí ńlé. Ìwọ máa bọ̀."

Ó wá, ó tẹ ojú mọ́ awò náà. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti wà látọjọ́ yìí?"

Mo ní ibẹ̀ ni. Ó padà lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná, mo sì jókòó ti awò mi. Àgbàlá tí à ń sùn sí nígbà náà ti di ilé alájà mẹ́ta. Iná ìsọ̀ àti ti hòtẹ́ẹ̀lì ti gba apá kan ọ̀run lọ́wọ́ wa, olúkúlùkù sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìwọ̀nba ọ̀run tó kù lókè ilé mi kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kúrò nínú rẹ̀. Àwa tí à ń wò ó là ń dín kù.