Àárín Búrẹ́dì Gbígbóná

Apofúláwà là ń pe bàbá náà ládùúgbò, nítorí iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe, fúláwà kì í sì í tán nírun rẹ̀. Aláwàdà ni tẹ́lẹ̀, ó lè pa ẹni tó ń sunkún lẹ́rìn-ín.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Inú ọmọ náà wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru ò sì dá. Àwa tẹ́nu wa kì í dákẹ́ ní aràn ni. Wọ́n lo oògùn aràn tì. Nígbà tó kọ gbogbo oúnjẹ, bàbá rẹ̀ a bu àárín búrẹ́dì gbígbóná, a rẹ ẹ́ sínú mílíìkì, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Ìyẹn nìkan ló ń jẹ títí ó fi kú.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí inú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, Apofúláwà gbé e lé èjìká, ó di ọsibítù.

Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ yẹ ọmọ náà wò, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. “Bàbá, mo fura pé ara ẹ̀ ò gba àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká ṣe, àmọ́ a ò ní in níbí. Oúnjẹ la máa fi dán an wò. Kó má jẹ búrẹ́dì tàbí bisikíìtì mọ́. Ẹ fún un ní ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀wà.”

“Dókítà, búrẹ́dì ni mo ń ṣe jẹun.”

“Mo mọ̀, sà. Ẹ máa wẹ̀, kẹ́ẹ pààrọ̀ aṣọ kẹ́ẹ tó gbé e.”

Ìyàwó rẹ̀ ya ìkòkò ọmọ sọ́tọ̀. Apofúláwà náà ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó tó wọlé, a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ọkọ ìyàwó tuntun. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ gbuuru dá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kún. Gbogbo wa ń yọ̀, àfi Apofúláwà. Bí ọmọ yìí ṣe ń sanra sí i ló túbọ̀ ń yé e pé kì í ṣe aràn ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé nígbà míì, ó máa ń wu òun kó jẹ́ pé dókítà ló ṣì í. Ṣé kí n ní kò mọ̀ ni? Òun náà ṣáà mọ̀ pé òun ò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà rí búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò, ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀.

“Dádì, ṣé ẹ̀gbọ́n mi máa ń jẹ búrẹ́dì?”

“Ó máa ń jẹ ẹ́.”

“Ta ló ń fún un?”

“Èmi ni.”

Ọmọ náà fajú ro. “Ẹ fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ nìyẹn.”