Ẹ̀rọ Mẹ́ta Tí Mo Pè Ní Òpùrọ́

Iṣu tó wà lórí tábìlì ìdáná mi ní ọkàn. Méjìléláàádọ́rin ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Èmi fúnra mi ni mo so aago náà mọ́ ọn lára, ojú mi báyìí ni iná aláwọ̀ ewé ṣe ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀, tí nọ́ńbà fi jáde gbàǹgbà. Mo figbe ta. Obìnrin aládùúgbò wa sáré wọlé tòun ti igi, ó rò pé ejò ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ aago ṣe dé ilé wa. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ilé bàbá wa ní Odò-Ọwà ni mo ń gbé, èmi ní apá kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní apá kejì. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ru, mo lọ bá dókítà kan ní Ìlọrin. Ó yẹ̀ mí wò, ó sì ní, "Mààmá, ẹ máa rìn láràárọ̀. Ìrìn kíákíá ni o, kì í ṣe ìrìn ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín lù kọjá ọgọ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ dúró kí ẹ mí." Mo bi í pé báwo ni mo ṣe fẹ́ máa rìn kí n sì máa ka ọkàn mi. Ó ní kí n lọ wá ẹ̀rọ tí yóò máa bá mi kà á.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn kò tíì ra ẹ̀rọ rí. Èyí tí à ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago wà, iná ló ń tàn sínú awọ ara láti fi rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Èyí tí à ń dè mọ́ àyà bíi bẹ́líìtì náà wà, a ó fi omi tutù pa á lára ká tó dè é, yóò sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Olówó gọbọi wà, gbàrọgùdù náà wà. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin ní, "Mọ́mì, èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò." Mo ní ṣé èmi ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan wò.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ra gààrí tàbí ẹ̀wà lọ́jà Òsì mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi òkúta lu ìdí kóńgò wọn kó lè wú sínú. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n a gbé kóńgò tirẹ̀ láti ilé. Kóńgò ilé la fi ń mú kóńgò ọjà tó ń purọ́. Bí ìyá wa ti ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì ń ṣe. Mo wá rò ó pé ọkàn tèmi ti ń ṣàìsàn, n kò lè fi í dán ẹ̀rọ wò. Ọkàn tó pé, tí kò lábùkù kankan, ni mo nílò. Mo wo gbogbo ìlú, n kò rí ọkàn tó pé tó ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oko iṣu rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè, ojoojúmọ́ ló sì ń gun òkè yẹn, àfi ọjọ́ Ìsinmi. Kò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ní ọsibítù rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, èmi nìkan ni ẹbí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni mo sì máa ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun àwọn.

Aago àkọ́kọ́ wá láti ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe ní Òsì. A ṣàdéhùn pé bí kò bá dára n ó dá a padà. Lọ́wọ́ mi, ó ka mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo so ó mọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti jókòó tó ń jẹ iyán, ó ka méjìdínlógójì.

Mo ní, "Èwo ni méjìdínlógójì? Òkú ni wọ́n ń kà ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tó fi ń jẹun tọ́ka sí orí tábìlì. "Tíṣà, so ó mọ́ uṣu yẹn ká gbọ́ nǹkan tí uṣu á wí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Iṣu ka méjìléláàádọ́rin, alààyè ka méjìdínlógójì. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ di àyà mú, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri, tó pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo gbé aago padà sí Òsì, mo sì sọ̀rọ̀ sí ọ̀gbẹ́ni náà bí ìgbà tí mo bá mú ọmọ tó jí ìwé wò nínú ìdánwò.

Ọmọ mi fi èkejì rán awakọ̀, ó ní ojúlówó nìyí. Iṣu ni mo kọ́kọ́ so ó mọ́. Ìlà kéékèèké méjì ló jáde, kò sí nọ́ńbà. Inú mi dùn. Mo ní, "Èyí mọ iṣu yàtọ̀ sí ènìyàn." Mo so ó mọ́ ọwọ́ ara mi, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mo so ó mọ́ ti aládùúgbò wa, méjìdínlọ́gọ́rin. Mo wá so ó mọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, a dúró, a dúró, ó ka mẹ́tàdínlógójì.

Ẹ wo irú ọgbọ́n tí mo dá. Mo pe ọmọ mi, mo ní aago òyìnbó kò mọ awọ ara àgbẹ̀. Mo ní ọkọ́ ti sọ awọ ọwọ́ bọ̀ọ̀dá di pákó, iná tíńtín wọn kò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ṣé kò ní dáa kí dókítà wo bọ̀ọ̀dá yín ni?" Mo ní kí ló ṣe wọ́n tí dókítà yóò wò? Ẹni tó ń gun òkè lójoojúmọ́! Mo dá aago náà padà.

Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì àyà. Èyí kì í tan iná, ọkàn gan-an ló ń gbọ́, kò sí pé ọwọ́ le tàbí ọwọ́ rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ẹ̀wù, mo fi omi pa á, mo dè é mọ́ ọn láyà, mo gbé fóònù sójú. Mẹ́rìndínlógójì. Márùndínlógójì. Mẹ́rìndínlógójì.

Ìbínú gbé mi. Ẹ̀rọ mẹ́ta, ibi tí wọ́n ti wá yàtọ̀ síra, irọ́ kan náà ni wọ́n ń pa! Mo wá lọ kà lórí fóònù pé ọkàn àwọn sárésáré, àwọn tó ń díje, máa ń rọra lù nítorí agbára wọn. Hà, mo ní ẹ wò ó! Ìgbà tí mo fẹ́ bínú, òpùrọ́ ni àwọn ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí mo fẹ́ fọ́nnu, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, akọni ni ẹ̀gbọ́n mi. N kò rí i pé méjèèjì kò lè wà pọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àlùfáà ní kí ẹni tó bá ní ìjẹ́rìí bọ́ síwájú, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní kí ìjọ bá mi yin Olúwa. Mo ní ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá láti fi ka ọkàn ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kùnà, nítorí ọwọ́ Ọlọ́run ló ń ka ọkàn tirẹ̀. Halelúyà gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi dìde kí wọ́n rí i, ó dìde, ó na ọwọ́ sókè, gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Ìjẹ́rìí tí ìjọ bá ti ṣe Àmín sí lọ́dọ̀ wa, ó ti di ti Ọlọ́run nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í tún ṣí i wò.

Bẹ́líìtì náà ni mo wá ń lò fún ìrìn mi. Láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a jọ gba ọ̀nà òkè lọ, òun ń lọ oko, èmi ń gun òkè dé ìdí igi ìrókò kan kí n tó yípo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a. Nígbà tó tún ṣe, mo ń kọjá lára rẹ̀. Á jókòó sórí àpáta láàárín ọ̀nà, á ní òun ń gbọn òkúta kúrò nínú bàtà. Inú mi a máa dùn bí ti ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ mi ti yá ju tiyín lọ o!"

"Ùwọ lo ni ẹ̀rọ," á wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó já irọ́ mi ni nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ìlú wa tó ń gbé ní Ìbàdàn, tó wá sílé fún ìsìnkú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọkàn tí ẹ̀rọ kò lè kà ṣàwàdà. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ mú ọwọ́ wá, èmi á kà á." Ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ibẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó tún un kà.

Ó ní, "Ẹ bá mi gbé àga fún bàbá." Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. "Mẹ́rìndínlógójì."

Ìka ènìyàn nìyẹn o, kì í ṣe iná, kì í ṣe bẹ́líìtì. Obìnrin yìí kò tilẹ̀ mọ iye tí àwọn ẹ̀rọ mi kà, n kò sọ nọ́ńbà nínú ìjẹ́rìí.

Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ṣé òòyì ń kọ́ yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó dáhùn. "Ó ń kọ́ mi."

"Ẹ ti ṣubú rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Lóko."

Ọkùnrin tí à ń jọ jẹun lójoojúmọ́! Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí mi, ó ní, "Mààmá, ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rọ ń purọ́?" Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń lọlẹ̀. Mo ti gbé kóńgò ilé kiri láti fi mú olè, láìmọ̀ pé kóńgò ilé gan-an ni ìdí rẹ̀ ti wú.

Lọ́jọ́ náà la gbé e lọ sí Ìlọrin. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ ń bọ́ sí kòtò dé kòtò, mo sì di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú látòkè délẹ̀ ìrìn náà. Ìgbà mìíràn, ọkàn náà á lù, n ó máa retí èyí tó kàn, kò ní tètè dé. Tèmi ń já gììrì bí ẹni pé ó fẹ́ jáde. Bí mo bá de bẹ́líìtì mọ́ra lọ́jọ́ yẹn, ó dá mi lójú pé ọgọ́fà ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́.

Dókítà gbé bébà tí ẹ̀rọ wọn ya ìlà sí jáde. Ó ní àṣẹ tó yẹ kó máa ti òkè ọkàn bọ̀ sí ìsàlẹ̀ kò dé ibi tó ń lọ mọ́, pé ìsàlẹ̀ ọkàn ń dá lù fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń tiro. Ó ní ọkàn ẹ̀gbọ́n mi lè dúró pátápátá nígbàkigbà, lórí òkè yẹn, tàbí lórí àga nínú ilé mi. Ó bi mí bóyá a kò rí àmì kankan. Mo ní a rí i. Mo ní mo fi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà wò mí bí ẹni pé kò gbọ́ mi dáadáa.

Wọ́n darí wa lọ sí Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti la abẹ́ egungun èjìká rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ awọ, kò tó páálí ìṣáná. Ẹ̀rọ náà ni yóò máa ti ọkàn bí ó bá ti fẹ́ falẹ̀. Èmi ni mo ń wá ẹ̀rọ ọkàn kiri, inú ara ẹ̀gbọ́n mi ló fi ṣe ilé.

Ọmọ mi wá kí wa ní ọsibítù, ó gbé aago kejì lọ́wọ́, èyí tí mo dá padà. Kò tà á, kò sì sọ fún mi. Mo so ó mọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì. A dúró. Ọgọ́ta. Mo tún wò ó, ọgọ́ta. Mo sunkún níbẹ̀, n kò tijú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọmọ mi jáde lọ ra omi, mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó ń jẹ mí nínú láti ọjọ́ náà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò sọ fún mi. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Ó ní ọjọ́ Ajé ni òun kọ́kọ́ ṣubú, lórí ebè, nígbà tí òun yóò sì fi lajú, oòrùn ti wà lókè. Mo bi í pé ọjọ́ Ajé wo. Ó ní èyí tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ìsinmi tí mo jẹ́rìí.

"Ùwọ ti wí i níwájú ìjọ, gbogbo wọn ti ṣe Àmín," ó wí, ó rọra fi ọwọ́ tí aago wà gbá ọwọ́ mi mú. "Mi éè fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní òpùrọ́."