Ẹ̀bùn Tí Wọ́n Gbé Lọ Fún Màmá

Mo rántí ìgbà tí ohùn mi ń jí àwọn ará Festac lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ ni èmi rò ó nígbà náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti ariwo àwọn tó ń sáré wọkọ̀ ló ń jí wọn, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, wọ́n sì ti gbé máíkì lé mi lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Amuwo. Bí mo bá wọ ọjà Agboju tí mò ń ná ata, tí ẹnìkan bá dá ohùn mi mọ̀ tó sì ní, "Háà, Àǹtí rédíò nìyẹn o!", orí mi á wú títí n ó fi délé.

Ìjọba alágbádá kò tíì pẹ́ lórí àlééfà. Àwọn ológun ti padà sí bárékè, fóònù alágbèéká ti dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ilé iṣẹ́ rédíò aládàáni sì ń hù káàkiri bí olú. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, àwọn tó ń ṣe bisikíìtì, àwọn tó ń ṣe míníràlì, gbogbo wọn ló ń wá wa wá láti polówó ọjà. Ètò tèmi kò ju orin, àwàdà, àlọ́ àpamọ̀ àti ẹ̀bùn lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè wọlé tó sì mọ àlọ́ náà, ó di páálí ọṣẹ ìfọṣọ kan. Mo ti gbọ́ tí bàbá tó fẹ̀yìn tì ní ipò ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń bẹ̀ mí lórí afẹ́fẹ́ tìtorí agboòrùn. A pè é ní fàájì. A tún pè é ní òmìnira.

Ẹ̀gbọ́n kan ló máa ń ka ìròyìn láàárín ètò mi. Akọ̀ròyìn ayé àtijọ́ ni. Nígbà àwọn ológun, wọ́n tì í mọ́lé nítorí ìròyìn tó kọ, etí rẹ̀ òsì kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ìgbà tí sójà kan ti gbá a létí níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí mi tí mò ń to àwọn páálí ẹ̀bùn jọ, á ní, "Àbúrò, ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo." Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín. Mo rò pé ìlara ló ń ṣe é, torí kò sẹ́ni tó ń pè wọlé láti kí òun. Mo tilẹ̀ dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ayé àwọn ológun ti lọ o. Dẹmọ́kírésì la wà yìí." Ó wò mí bí ìgbà tí àgbà ń wo ọmọ tó gun ẹ̀ka gbígbẹ.

Lẹ́yìn kílóòsì, òpópónà kékeré tí mo dàgbà sí, pápá kan wà. Nígbà tí wọ́n kọ́ Festac, wọ́n dìídì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ni, kí àwọn èèyàn lè rí ibi ṣeré kí wọ́n sì rí ibi mí sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ìjọ tí kò tíì nílé ti ń ṣe ìsọjí, ibẹ̀ náà ni àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ti ń ta dráàfù lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀sín. Fàájì tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún ni. Ṣàdédé ni wọ́n fi páànù yí i ká. Wọ́n ya obìnrin kan sára páànù náà tó gbé àpò ìtajà rẹpẹtẹ dání, tó ń rẹ́rìn-ín: mọ́ọ̀lù ń bọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kọ́ mọ́ọ̀lù yìí sì di onígbọ̀wọ́ ètò mi. Àwọn ni mò ń fi ohùn dídùn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láràárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo pa àlọ́, mo ní kí wọ́n máa pè wọlé. Màmá kan ló kọ́kọ́ wọlé. Mo mọ ohùn rẹ̀. Opó ni, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kílóòsì kejì sí tiwa ló ń gbé bó ṣe máa ń sọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ojúlé rẹ̀. Ó máa ń pè dáadáa, kì í sì í jẹ ẹ̀bùn, torí á ti kí mi, á kí àwọn òbí mi, á kí gbogbo ilé iṣẹ́ tán kó tó rántí àlọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò kí mi pẹ́.

"Ọmọ mi, mi ò pè torí àlọ́," ó ní. "Ìbéèrè ni mo ní. Pápá tí wọ́n fi páànù ká yẹn, ta ló tà á? Nígbà tí wọ́n fún wa nílé níbí, wọ́n fi pápá yẹn hàn wá, wọ́n ní ti gbogbo wa ni. Olóṣèlú tó wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa lórí pápá yẹn, òun náà ni mò ń rí tó ń pàṣẹ fún àwọn bíríkìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ní máíkì, kí ló dé tí ẹ ò bi í?"

Kí n tó dáhùn, fóònù mìíràn ti wọlé, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ pápá ni gbogbo wọn ń sọ. Lẹ́yìn gíláàsì, mo rí Ẹ̀gbọ́n tó dìde dúró, tó ń juwọ́ sí mi pé kí n má gé wọn. Mi ò gé wọn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti fi orin sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣé ẹ rí i, ohun tí àwọn èèyàn kú fún nìyí.

Mánijà wa kò pariwo. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni, tó máa ń gbàdúrà fún wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní ètò náà lọ dáadáa, àmọ́ kí n rántí pé fàájì ni wọ́n gbà mí fún, a kì í sì í bú ẹni tó ń bọ́ni. Ó wá bi mí, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn, bóyá mo mọ ilé màmá yẹn. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kò burú.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni Ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn àwọn òbí mi. Ó máa ń ya àwọn tééṣàn ọlọ́pàá wò láti gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ohùn kan tó dá mọ̀. "Àbúrò, wọ́n ti mú màmá tó pè ọ́," ó ní. "Láti àná ló ti wà níbẹ̀."

A bá a lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà, nínú aṣọ ilé, gèlè kékeré lórí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú kàn án nìyẹn. Ó kéré ju ohùn rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ìwọ ni Àǹtí rédíò?" ó bi mí.

"Èmi ni, mà."

"Obìnrin kan pè mí láti ọ̀dọ̀ yín lánàá. Ó ní mo jẹ ẹ̀bùn. Ó ní kí n júwe ilé, kí wọ́n lè gbé e wá bá mi." Ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mo gbálẹ̀ pálọ̀. Mo ra míníràlì tútù sílẹ̀ dè yín. Nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn, mo rò pé ẹ̀yin ni, mo ní kí wọ́n jókòó. Ọ̀kan nínú wọn mu míníràlì tirẹ̀ tán pátápátá kó tó sọ fún mi pé ọlọ́pàá làwọn."

 Ẹ̀gbọ́n tó ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ kan yí ojú sí ògiri. Ó ní, "Àwọn ológun tó mú mi, ìdí ìbọn ni wọ́n fi já ilẹ̀kùn mi. Wọn ò sọ fún mi pé ẹ̀bùn ni."

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ní ẹ̀sùn irọ́ tó lè da ìlú rú ni wọ́n fi kàn án. Ó ní àwọn á fi í sílẹ̀ bó bá gbà pé irọ́ lòun pa, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ lórí rédíò. Màmá ní òun kọ̀. Ó ní òun ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ nítorí àtilọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mánijà fún mi ní bébà kan pé kí n kà á lórí afẹ́fẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé màmá tó pè ti jẹ́wọ́ irọ́, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́ wa.

"Bọ̀dá, ta ló pè é pé ó jẹ ẹ̀bùn?" mo bi í.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀," ó ní, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. "Wọ́n ní ká bá àwọn wá ilé rẹ̀, a bá wọn wá a. Àwa kọ́ la mú un."

Àwa kọ́ la mú un! Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, àyà mi á máa gbóná. Mo mú bébà náà wọ sítúdíò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kí àwọn olùgbọ́ wa. Mo ní kò sí àlọ́ lónìí. Mo sọ pé màmá tó béèrè ẹni tó ta pápá wà ní tééṣàn, mo sì sọ tééṣàn tó jẹ́. Mo ní kò jẹ́wọ́ irọ́ kankan. Mo ní láti ilé iṣẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yìí ni wọ́n ti pè é pé ó jẹ ẹ̀bùn, kí ọlọ́pàá lè mọ ilé rẹ̀. Ẹnu mi ṣì ń lọ nígbà tí mo gbọ́ orin ìpolówó ọṣẹ nínú ẹ̀rọ tó wà létí mi. Wọ́n ti gé mi. Ẹ̀ṣọ́ ló mú mi jáde. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Kò sẹ́ni tó lé e.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Kí oòrùn tó mú, àwọn bàbá tó ń ta dráàfù ti dé iwájú tééṣàn, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Wọn ò sọ òkò, wọn ò kọrin ọ̀tẹ̀. Àga ike ni wọ́n gbé wá láti ilé, wọ́n tò ó, wọ́n jókòó. Ọ̀gá ọlọ́pàá jáde, ó ní kí wọ́n máa lọ. Bàbá kan dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, a ti fẹ̀yìn tì. A ò níbi tí à ń lọ." Àwọn obìnrin ìjọ Màmá dé láti Alákijà pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n fi Màmá sílẹ̀, wọn ò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbá dára ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Wọ́n kọ́ mọ́ọ̀lù wọn. Akọ̀ròyìn kan ti wá ya fọ́tò àwọn àgbà lórí àga ike, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde, ìpolówó mọ́ọ̀lù ló gba gbogbo ojú ewé, fọ́tò wọn ò sí níbì kankan. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi náà wá iṣẹ́ rédíò títí, ó sú mi. Wọ́n á ní ohùn mi dára, wọ́n á ní àwọn á pè mí. Olóṣèlú yẹn tún díje, ó tún wọlé. Ìjọba ológun fìyà jẹ wá, a sì mọ̀ pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá. Àwọn wọ̀nyí ní tiwọn, wọ́n á fìyà jẹ ọ́, wọ́n á tún ní kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́.

Mo máa ń lọ kí Màmá títí ó fi kú. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi pé, "Kì í ṣe tééṣàn ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn báyìí, mi ò lè sọ pé kí wọ́n wọlé mọ́." Ẹ wo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ arúgbó tó kàn béèrè ọ̀rọ̀.

Ilé ìwé kan ní Kuje ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ máa ń sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó lè dí èèyàn lẹ́nu mọ́, torí gbogbo wọn ló ní fóònù, oníkálukú ti di ilé iṣẹ́ rédíò fúnra rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n kò ju pé, bí wọ́n bá wá mú ẹni tó sọ̀rọ̀, ṣé ẹ mọ ẹni tí yóò gbé àga wá jókòó síwájú tééṣàn?

Pásítọ̀ mi gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi, ó ní kí n dárí jì wọ́n. Mo gbà á gbọ́, mo sì gbìyànjú. Mo ti dárúkọ mánijà yẹn nínú àdúrà, mo ti dárúkọ obìnrin tó tẹ fóònù, mo sì fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìbínú, mo bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó má gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Mo ṣì nílò rẹ̀.