Aládùúgbò Wa Tó Ń Wa Bàálù

Mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé wa ní Airport Road nígbà tí Màmá Adé tí a jọ yá ilé wá sọ pé aládùúgbò wa tó ń wa bàálù ti kú. Ọwọ́ mi dúró sínú ọṣẹ.

Mo ní, "Bàálù já ni?"

"Bàálù kọ́, Ìyá Dàpọ̀. Bọ́ọ̀sì ni. Bàálù wọn bàjẹ́ sí Èkó, ló bá wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ wálé."

Òun tó máa ń fi oníbọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Bàálù kékeré alábẹ̀bẹ̀ méjì ló fi ń gbé àwọn àlejò lọ wo erin lókè Ọya. Bí mo bá ń lọ sílé wa ní Àkúrẹ́, á ní, "Ìyàwó wa, ẹ tún fẹ́ lọ ka kòtò?" Tó bá dé lọ́jọ́ Sunday, kò ní tíì bọ́ bàtà tí á fi gbé Dàpọ̀ kọ́ èjìká, tí á máa fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì káàkiri àgbàlá.

Màmá Adé ní kí n sọ fún Dàpọ̀ pé Bọ̀dá rìnrìn àjò, bí a ṣe máa ń sọ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n àjò gan-an niṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì máa ń dé. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo bàálù tó bá kọjá lọmọ mi yóò máa sáré jáde wò.

Mo gbé Dàpọ̀ lé itan. Mo ní, "Bọ̀dá ti kú. Kò ní wá mọ́."

Ó ní, "E no go come Sunday?"

"Kò ní wá lọ́jọ́ Sunday náà. Bó o bá fẹ́ sunkún, sún mọ́ mi, ká jọ sun ún."