Ìdákẹ́ Lọ́rì Ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Odò

Kékeré ni mo wà, ẹ̀yin ọmọ mi, láyé ìjọba òyìnbó, nígbà tí lọ́rì kan gbé èmi àti ìyá mi láti Awo bọ̀ ní Ẹdẹ. Inú ń bí mi títí di òní.

Lọ́rì tó ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì ni. Bí awakọ̀ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ odò, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí wọ́n ń tẹ̀ kí epo wọlé, á fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú jíà kékeré. Ẹ́ńjìnnì á máa kùn hùù, á fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ẹni di ìrù màlúù mú. Àwa èrò kórìíra ariwo yẹn. A gbà pé epo ló ń jó. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákẹ́ tó ń yọ̀ wálẹ̀ là ń pè ní ọ̀gá.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ni ọkọ̀ jókòó níwájú. Ó ní, "Ta ló ní kó o máa fi epo mi ṣòfò?"

Awakọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ́ńjìnnì ló ń bá wa dì í mú. Iṣu pọ̀ lẹ́yìn."

"Ìwọ lo ra ọkọ̀ ni? Yọ jíà!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín: "Awakọ̀ ojo! Ṣé ìyàwó ẹ ló ń dì ẹ́ mú?"

Ó yọ jíà. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá mi fà mí mọ́ra, ó ní, "Wo bó ti ń lọ wẹ́rẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ẹrù ń tì wá, òórùn bíréèkì tó ń jó gba imú wa, awakọ̀ ń ké pé jíà ò wọlé mọ́. Lọ́rì pa afárá tì, ó gba inú igbó wọ odò. Wọ́n fà mí yọ. Òkú ìyá mi ni wọ́n fà yọ tẹ̀lé mi.

Awakọ̀ ni kóòtù sọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tó pàṣẹ ra ọkọ̀ mìíràn. Àwa tá a fi í ṣẹ̀sín, ta ló bi wá léèrè?

Ní yunifásítì ni mo tó mọ̀: bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bá wà nínú jíà, tí ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, epo kì í wọ inú rẹ̀ rárá. Bí a bá yọ jíà ló tó ń mu epo, kó má baà kú. Epo wo la wá torí ẹ̀ pa ìyá mi?

Ayé ti yí padà. Ọ̀dà ti wà lọ́nà, ọkọ̀ ti tóbi ju ilé wa àtijọ́ lọ. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń dákẹ́ lójijì. Mo ti kígbe títí ohùn mi fi há. Ẹ bá mi sọ fún àwọn awakọ̀ yẹn: ẹ jẹ́ kó kùn!