Ọmọ Tó Máa Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Wa Létí Pápá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ èyí, torí náà ẹ bá mi fara da àṣìtẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú báńdéèjì, ìka méjì ló kán. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó ilé kan ní Houston na ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Èmi ni ìyàwó náà. Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n fẹnu ara mi rò ó fún yín.

Ẹ mọ̀ mí sí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Wálé ọkọ mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ìjà ni, kì í ṣe eré. Èmi ńkọ́? Ìjà yẹn gan-an ló wù mí. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, àárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí kì í gbóhùn sókè ni mo ń ṣiṣẹ́ ní Clear Lake. Bó bá di Sátidé, mo fẹ́ rí ibi tí èèyàn ti ń gbé èèyàn lulẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Dèjì, tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí fún yunifásítì kan níbí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, Houston ni wọ́n bí òun sí. Receiver ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó sáré lọ síwájú, kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, kó sì gbà á mú láàárín àwọn tó fẹ́ pa á. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo èèyàn ti gbọ́kàn kúrò lára rẹ̀, Dèjì á rí ọwọ́ fi gbà á.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ ká sọ ọ́ di tiwa. Bí eré bá parí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ wẹ̀, Dèjì á sáré wá sí etí pápá níbi tí àwa ọmọ Yorùbá máa ń jókòó sí, á ṣí helmet kúrò lórí, á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko, tòun ti òógùn àti ẹ̀jẹ̀ lára. Àwọn òyìnbó á máa ya fọ́tò. Àwa á máa sunkún. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún èèyàn tó ti pẹ́ nílùú onílùú?

Ẹ̀gbọ́n Rótìmí ló máa ń sunkún jù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, àwọn náà sì ni alága àwa olólùfẹ́ Dèjì. Fọ́tò ìdọ̀bálẹ̀ kan, ó tóbi gan-an, wà lára ògiri garage wọn ní Mission Bend. Helmet tí Dèjì bọ́ fún wọn lọ́jọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn wà lórí pẹpẹ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin nìkan ni Ẹ̀gbọ́n Rótìmí bí, wọ́n sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé Dèjì lọmọkùnrin àwọn.

Nígbà tí Dèjì parí yunifásítì, gbogbo wa ń retí pé kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbá a fún owó ńlá. Kò lọ. Kò sọ ìdí. Kò tiẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n Rótìmí kò bá wọn dá sí i, àmọ́ ó dùn wọ́n dọ́kàn.

Sátidé ọjọ́ ìjà yẹn, a pàdé nínú garage náà lọ́sàn-án. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù lásìkò, eré àtijọ́ la máa ń wò, a ó máa jẹ ẹran díndín, a ó máa rántí. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Coach. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù rí o, ariwo ẹnu rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Òun ló di rìmóòtù mú. Ẹnìkan rántí bọ́ọ̀lù tí Dèjì gbà nínú òjò. Ẹlòmíì rántí èyí tó fọwọ́ kan gbà, tó sì fi ọwọ́ kejì ti ènìyàn ṣubú. Ẹ̀gbọ́n Rótìmí wá sọ pé kí Coach gbé ọba gbogbo wọn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lókè. Dèjì fò, ara rẹ̀ nà tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà. Ọkùnrin kan tó tóbi bíi fìríìjì sáré bọ̀ láti òdìkejì, ó tẹrí ba, ó sì fi helmet kan ọmọ náà lábẹ́ àgbọ̀n. Gbàù. Orí Dèjì ṣẹ́ sẹ́yìn, ó yí lójú òfuurufú, ó sì fọrùn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Kò mira. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe máa ń pariwo níbẹ̀ nìyẹn, pé kò fi sílẹ̀, ọmọ wa kò fi sílẹ̀. Coach dá a padà, ó ní ká fetí sí bí egungun ṣe dún. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, Dèjì dìde níkẹyìn, ó parí eré, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ fún wa bó ṣe máa ń ṣe. Ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ yẹn ló wà lára ògiri.

Coach tún ń dá a padà nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Dèjì ló wọlé, òun àti Mọ́jí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wálé ọkọ mi ló rí i nínú mall, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ya ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu. Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n Rótìmí dìde, wọ́n la apá méjèèjì, ojú wọn ti kún fún omi.

Dèjì dúró ṣánṣán, bí ẹni tí wọ́n di igi mọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ káàsán, Daddy." Ó na ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi kan ilẹ̀, ọwọ́ náà sì dúró níbi orúnkún. Ìyẹn nìkan ni.

Ẹ̀gbọ́n Rótìmí ká apá wọn kò. Wọ́n wo fọ́tò ara ògiri, wọ́n wo Dèjì.

"Ṣé bí o ṣe máa kí mi nìyẹn?"

"Daddy, ẹ má bínú. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́."

"O ò lè? O ti wá jù mí lọ?"

Coach dá sí i, ó ní òun kúkú ti sọ fún gbogbo wa, ìgbéraga ni. Mọ́jí ya ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Dèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mummy said no," ló wí fún un jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ọ, àmọ́ kò yé mi.

Láti ibí lọ, ẹ má retí pé kí n fi "wọ́n" pe Rótìmí. Kò tọ́ sí i lọ́jọ́ náà.

Ó gbá ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà mú, ó sì tì í sílẹ̀, ó ń sọ pé níwájú òun ni yóò ti wólẹ̀. Dèjì figbe ta. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin rí. "Uncle, ẹ fi í sílẹ̀, his neck!" ni Mọ́jí ń kígbe. "There's metal in his neck!" Ó fò mọ́ Rótìmí, ó gé e jẹ lápá. Rótìmí fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lẹ́nu, eyín kan yọ, ẹ̀jẹ̀ da sí gbogbo iwájú aṣọ rẹ̀. Ọkọ mi di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbàdí mú. Coach fi ẹ̀ṣẹ́ lu Wálé lójú, Wálé ṣubú lu tábìlì, ẹran àti ìgò fọ́n kálẹ̀. Rótìmí kò jọ̀wọ́ ọrùn yẹn. Ibínú ti dí i létí, ó ṣáà ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Dèjì tó lè gbé àwọn méjèèjì jù síta kò jà rárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú.

Mo na ọwọ́ sí pẹpẹ. Mo ki ìka bọ àárín irin ojú helmet náà, mo sì fi lu ọwọ́ tó wà lọ́rùn ọmọ yẹn. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo tún lù ú, mo fi gbogbo agbára mi sí i. Egungun ọwọ́ rẹ̀ kán, ìka tèmi náà kán, àwa méjèèjì jọ ké. Nígbà yẹn ló tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Dèjì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì wó. Ó fi àyà lélẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó nà gbalaja níwájú Rótìmí, lábẹ́ fọ́tò yẹn. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni òun àti fọ́tò náà rí. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn ṣì ń pariwo orúkọ rẹ̀.

"Aunty," ló wí, ẹnu rẹ̀ wà lára símẹ́ńtì, "mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà."

Coach fẹ́ gbé e dìde. Mo fi ọwọ́ òsì gbé helmet yẹn sókè, mo ní bó bá fọwọ́ kàn án, orí rẹ̀ ló kàn. Ó padà sẹ́yìn. Mo wá dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, kí ọmọ náà lè rí ojú mi, mo sì wà níbẹ̀ títí tí ambulance fi dé.

Ọsibítù ni Mọ́jí ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, tòun ti òwú lẹ́nu. Ìkọlù tí à ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn ló la egungun ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò mọ̀, ó ń fi ìrora gbá bọ́ọ̀lù lọ. Lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin sí i. Dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ti orí rẹ̀ mọ́. Ìyá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, pé wọ́n á sọ ọmọ òun di aláàbọ̀ ara lẹ́nu, kò sì ní rí ọmọ gidi fẹ́. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe. Àìsàn tó yẹ ká sọ, a ó bò ó bí ẹni tó jalè.

Mo bi í pé kí ló dé tí Dèjì fi wá nígbà náà.

"He missed y'all, Aunty," ni Mọ́jí wí.

Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì wá wò mí.

Wọ́n tún ṣí ọrùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ọmọ ọwọ́ pé kó rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹbí ọkọ mi ń pè mí láti Èkó ní gbogbo àsìkò yẹn, pé kí n lọ bẹ Ẹ̀gbọ́n Rótìmí. Mo pa fóònù. Ìgbà tó yá, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mira. Ìyá Dèjì dì mọ́ mi. Ẹsẹ̀ òsì kò tíì jí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Dókítà ní ká ní sùúrù.

Láàárọ̀ àná, Ẹ̀gbọ́n Rótìmí wọlé, ọwọ́ wọn tí mo kán wà nínú P.O.P.. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lè súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Dèjì kò lè yí ọrùn, nǹkan líle ni wọ́n fi dè é. Ohùn wọn ló gbọ́. "Ẹ káàárọ̀, Daddy," ló wí, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rótìmí sáré. Wọ́n fi ọwọ́ kan tó kù fún wọn gba ọwọ́ náà mú kó tó kan ilẹ̀.

"Ó tó," ni wọ́n wí. "O ti kí mi tán láti ọjọ́ yẹn."

Wọn ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí tí ìyá Dèjì fi gbé àga sí wọn nídìí.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹni tí a bá sọ pé a fẹ́ràn, ká máa bi í pé ara ńkọ́, ká sì jókòó gbọ́ èsì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yé bo àìsàn ọmọ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá ní òun ò lè dọ̀bálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ní tèmi, mi ò tíì lè wo bọ́ọ̀lù. Mo gbé e sí i lánàá, mo gbọ́ ìró kan, mo pa á.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti pàtẹ́wọ́ fún rí nígbà tó ń kú lọ lójú yín? Ẹ kọ ọ́ síbí. N óò kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni n óò fi dáhùn.