Orúkọ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Àpọ́nlé Kọ Sórí Kéèkì

Ọ̀rọ̀ yìí kò lọ jìnnà rárá. Kò kọjá ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Ṣakí, níbi tí obìnrin kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún lọ́sàn-án gangan nítorí kéèkì.

Àpọ́nlé lobìnrin náà, ìyàwó Ọdẹ́tọ́lá. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti gbé e wá. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó gbé lọ́dọ̀ ìyàwó olùkọ́ kan tó ń ṣe kéèkì tà, ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ a le koko. Kò ní sítóòfù. Ìkòkò irin ńlá ló máa ń da iyanrìn sí, yóò gbé kéèkì sínú rẹ̀, yóò dé e, yóò sì kó ẹ̀yinná lé ọmọrí. Kéèkì náà a wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó mu ọmú yó.

Lọ́dún tí Nàìjíríà gba ife bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣakí tí kò gbà pé òun náà lè gbá a. Àbúrò ọkọ Àpọ́nlé, Ọdẹ́bọ̀dé, mọ̀ ọ́n gbá ní tirẹ̀. Òun ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá bá Àpọ́nlé nídìí ààrò.

"Ìyàwó wa, bá mi ṣe kéèkì. Pápá bọ́ọ̀lù ni kó o yà sórí rẹ̀, kó o wá kọ orúkọ mi gàdàgbà sáàárín. Wọ́n ṣe é fún balógun ẹgbẹ́ kan ní Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́sí, orúkọ rẹ̀ ló gba gbogbo ojú kéèkì. Tí orúkọ mi ò bá sí níbẹ̀, búrẹ́dì lásán ni."

"Mo ti gbọ́, Akọ̀wé."

Akọ̀wé ni Àpọ́nlé ń pè é. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ì báà máa rákòrò, ìyàwó kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Àpọ́nlé mọ èyí dáadáa. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ó kan orúkọ tí wọ́n fi ṣúgà kọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àpáta fi ń gbóná padà síni lára. Àpọ́nlé po bọ́tà mọ́ ṣúgà kíkúnná, ó kán omi aláwọ̀ ewé sí i, ó fi tẹ́ pápá. Ó fi ṣúgà funfun fa ìlà yí i ká. Ó ṣẹ́ ìgbálẹ̀, ó fi ṣe òpó gòólù, ó sì gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó, ó ta á sẹ́yìn òpó. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fa ìlà níbí ni ti ọ̀hún ń yọ́. Ó gbé kéèkì lé abọ́ omi tútù, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Níkẹyìn, ó mú ọ̀rá tó rọ ṣúgà sí, tó gé igun rẹ̀, láti fi kọ orúkọ.

"Kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀ yẹn?" Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bèèrè lórí àpótí tó jókòó sí.

"Orúkọ Akọ̀wé ni, ìyá."

"Èwo nínú orúkọ rẹ̀?"

"Èyí tí ẹ̀yin fún un."

"Háà! Ìyàwó! Lójú mi?"

"Ìyá, mi ò ní fẹnu pè é o. Kíkọ ni mo fẹ́ kọ ọ́."

"Tó o bá kọ ọ́, ṣé wọn ò ní kà á ni? Ẹni tó bá wá kà á, ta ló fi í sí i lẹ́nu? Ìwọ náà ni!"

Àwáwù, ìyálé rẹ̀, gbọ́ ariwo, ó yọjú.

"Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹlẹ́sẹ̀-iná lèmi ń pè é. Kọ Ẹlẹ́sẹ̀-iná."

"Ìyálé mi, orúkọ tirẹ̀ gan-an ló ní kí n kọ."

"Ẹlẹ́sẹ̀-iná kì í ṣe tirẹ̀ ni? Ta ló fún un bí kò ṣe èmi?"

"Tí a bá kọ tiyín, Akọ̀wé tí èmi náà ń pè é ńkọ́?" Àpọ́nlé ló fèsì.

"Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!"

Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀, ìlà etí pápá ti wọ́ wọnú gòólù. Òpó kan ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àpọ́nlé fi ìka gbé e dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Tó bá kọ orúkọ, wọn yóò ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Tí kò bá kọ ọ́, wàhálà rẹ̀ láti àárọ̀ di búrẹ́dì lásán.

Àkókò yẹn ni Ọdẹ́bọ̀dé ti pápá bọ́ọ̀lù dé, erùpẹ̀ dé e lórúnkún.

"Orúkọ mi dà? Àwọn èèyàn mi ti ń bọ̀!"

"Ẹ bi ìyá."

Ìyá ṣàlàyé. Ọdẹ́bọ̀dé káwọ́ lérí. "Ẹ fẹ́ dójú tì mí nílé yìí!"

Àpọ́nlé mí kanlẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin lè pe orúkọ ara yín?"

"Ta ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́?"

"Ó yá, ẹ gba ọ̀rá yìí. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o."

Ìyá ní ìyẹn dáa. Ọdẹ́bọ̀dé fi omi ṣan ọwọ́, ó gbá ọ̀rá mú bí ẹni tó ń fún ògì gbẹ. Fùú! Ṣúgà bo gòólù kan mọ́lẹ̀. Ó wá ń kọ lọ, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Lẹ́tà kan tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, èkejì kéré bí ẹ̀wà, àwọn tó kẹ́yìn ṣù jọ sí igun pápá bí ewúrẹ́ tí òjò ń lé. Àpọ́nlé kọ̀yìn sí i. Kò lè wò ó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya dé. Isaac, tó ń ṣọ́ gòólù fún wọn, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Adìyẹ ta ló rìn kọjá lórí pápá yìí?"

Ẹ̀rín sọ. Ọdẹ́bọ̀dé kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ìyàwó wa ló kọ ọ́. Ẹ má dá a lóhùn, kò tíì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa."

Àpọ́nlé fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ti dìde lórí àpótí.

"Ta ló kọ ọ́? Ọdẹ́bọ̀dé, mo ní ta ló kọ ọ́? Ìyàwó mi tí kò dárúkọ rẹ rí, òun ni yóò wá kọ ọ́ síta kí àlejò máa kà á? Irọ́ lo pa! Ojú mi báyìí lo ṣe kọ ọ́, tó o yọ ahọ́n síta bí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ! Ohun tó dáa níbẹ̀ ni tirẹ̀, ìranù yẹn nìkan ni tìẹ."

Ẹ̀rín kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Isaac tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ká sòótọ́, pápá yìí sàn ju tiwa lọ. Tibí ní koríko."

Ara Àpọ́nlé wálẹ̀ díẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ibi tí orúkọ wà látòkè délẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ gba iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Ọdẹ́bọ̀dé bù ú jẹ, ó mi orí. "Ó dùn o. Lọ́dún tó ń bọ̀, kọ ọ́ kó tóbi ju báyìí lọ."

Àpọ́nlé wò ó, ó wo ìyá. "Ìyá, ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń wí?"

Ìyá ń jẹ kéèkì tirẹ̀ lọ. Igun gòólù ló kún ẹnu rẹ̀.